Tí Omi Bá Kan Pupa: Ìtàn Ìkìlọ̀ Lórí Odò Mono

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Datcha, ní Atakpamé àti ní Anié, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí lọ sí Lomé, Cotonou tàbí Èkó, a kí yín. Ìtàn odò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ẹja, kì í sì í ṣe ti òrìṣà odò. Ìtàn ìkìlọ̀ ni: báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi ń bọ̀, ta ló ń fa ìlà tó sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀", báwo sì ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á bi mí pé, kí ló pa Datcha pọ̀ mọ́ odò Mono? Ó tọ́ kó béèrè. Datcha kò sí létí Mono. Ojú títì ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá ló gba ìlú náà kọjá, ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ ará ìta sì fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n dáàmù Nangbéto, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní barrage bíi ti àwọn Faransé, kò ju nǹkan bí 35 kìlómítà sí Atakpamé lọ, ní agbègbè Ogou kan náà tí Datcha wà. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè yìí, tó ń gba odò Anié, Ogou àti Amou lọ, inú Mono ló ń já sí. Òkè ni omi ti ń kó ara jọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ilé san gbèsè rẹ̀.

Kí n tó dé orí odò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà sí Kamina, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn. Ní ọdún 1914, àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà ti kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé. Àwọn òpó irin gíga gíga ni wọ́n nà sókè láàárín igbó. Láti ibẹ̀, wọ́n lè bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀ tààrà láìfi wáyà kankan so wọ́n pọ̀, ọ̀nà tó sì lé ní 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún náà, Kamina ló ń ta àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí òkun Àtìláńtíìkì lólobó pé ogun ti dé, kí wọ́n wá ibi sá sí. Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, àwọn ará Jámánì fúnra wọn bà á jẹ́ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n juwọ́ sílẹ̀.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ilẹ̀ tó lè sọ fún ọkọ̀ lórí òkun pé ewu ń bọ̀, kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè fi sọ fún obìnrin kan ní Athiémé pé Mono ti kún lókè. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò sí. Kò sẹ́ni tó rò pé obìnrin náà wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n kì lọ́ ni.

Kì í ṣe pé àwọn ará etí odò wá ń gbé lójú oorun o. Kò sí ìlú etí odò tí kò ní òkúta kan, gbòǹgbò igi kan tàbí bèbè kan tí àwọn àgbà ń wò. Tí omi bá ti bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé kó àgbàdo kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló kù. Ojú ìlà nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ojú ìlà ni ibi tí nǹkan bá dé tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ tún jókòó mọ́.

Àwọn ará Íjíbítì ni ìtàn wọn nípa ojú ìlà omi pẹ́ jù tó sì ṣe kedere jù. Ní erékùṣù Rawda, nínú ìlú Káírò, òpó òkúta kan wà nínú kànga kan tí omi Náílì ń wọ̀. Ọdún 861 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ di òní, àwọn mìíràn sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fín ìgbọ̀nwọ́ sára òpó náà. Tí omi kò bá tó ìgbọ̀nwọ́ 16, ìyàn lè mú. Tó bá dé 16, ilẹ̀ á rí omi mu, ìjọba á sì lè gba owó orí ilẹ̀. Tó bá wá kọjá rẹ̀ púpọ̀, ẹ̀kún omi ni. Ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Pliny ti kọ ọ́ ṣáájú ìgbà náà pé ní ìgbọ̀nwọ́ 12, ebi ni. 13, ebi ṣì ni. Láti 14 lọ ni ọkàn ti ń balẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ojú ìlà kan ṣoṣo kò tó. Ìlà ìsàlẹ̀ wà, tòkè wà, ohun tí wọ́n máa ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé ìjọba kò gbàgbé láti so owó tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Mono, láti àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń fi igi ìwọ̀n ka omi ní Athiémé, ní ìhà Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí. Tététou àti Corrékopé ní ìhà Togo náà ní tiwọn. Iṣẹ́ dáadáa ni, nítorí láìsí àwọn nọ́ńbà àtijọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lónìí bí omi tó pọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fún ìwé ni. Àwọn onímọ̀ omi ló ń lò ó. Ẹni tó ń gbé létí odò ṣì ń wo òkúta rẹ̀.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni dáàmù. Ní ọdún 1968, Togo àti Dahomey fọwọ́ sí àdéhùn kan tó bí Communauté Électrique du Bénin, tí gbogbo wa mọ̀ sí CEB, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ máa wá iná mànàmáná. Lábẹ́ àdéhùn yẹn ni wọ́n ti kọ́ Nangbéto láàárín ọdún 1984 sí 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Adágún omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè fẹ̀ tó 180 kìlómítà níbùú lóròó nígbà tó bá kún. Àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn nítorí rẹ̀ lé ní 10,000. Àwọn kan kò jìnnà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì ni wọ́n kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn tó wọn nígbà náà. Nígbà tí ọmọ pọ̀ sí i, tí wọn kò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi mọ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ọ̀rọ̀ yẹn tó ìtàn lọ́tọ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí dáàmù ṣe sí òkúta àwọn àgbà ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ṣáájú 1987, omi Mono ń kún bí òjò bá ṣe ń rọ̀ lókè. Ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń wò ó fún ogójì ọdún sì mọ ìwà rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn 1987, odò náà kò gbẹ mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú omi gba inú ẹ̀rọ iná. Nígbà òjò, láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá, adágún á máa gba omi, á máa gbà á, ìsàlẹ̀ á sì pa rọ́rọ́. Tí adágún bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó ń sún mọ́ mítà 144 tó jẹ́ òpin rẹ̀, wọ́n ní láti ṣí ilẹ̀kùn dáàmù. Kò sí ọ̀nà mìíràn, nítorí tí dáàmù bá wó, ìparun ni. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, omi á gùn ní wákàtí díẹ̀ ju bó ṣe ń gùn ní ọjọ́ mélòó kan tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere ní abúlé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ni baba àgbà máa fi mọ̀? Òkúta rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló ń pàṣẹ fún omi mọ́, ọwọ́ ènìyàn ni.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá dáàmù o. A fẹ́ iná. Àwọn onímọ̀ kan á sì sọ fún yín, òótọ́ sì ni, pé dáàmù máa ń gba díẹ̀ lára ẹ̀kún omi kékeré sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní ọdún 1987, ìmọ̀ nípa ìgbà tí omi máa dé ṣí kúrò ní bèbè odò, ó wọ inú ọ́fíìsì kan ní Nangbéto. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù kò sí nínú ọ́fíìsì náà.

Ẹ̀kún omi ọdún 2007 dé, ti 2008 tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ará Datcha kò lè gbàgbé 2008, kódà ẹni tí omi kò wọ ilé rẹ̀. Ọdún yẹn ni afárá Amakpapé lójú ọ̀nà Lomé wó, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Lomé sí Atakpamé ń gba ọ̀nà Kpalimé yí ká. Iye owó ọjà nígbà náà, ẹ̀yin ìyá wa ló lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni 2010, tó burú ju gbogbo wọn lọ. Ní Benin nìkan, 55 nínú 77 ìjọba ìbílẹ̀ ni omi kàn, àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà sì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 680,000. Athiémé àti Grand-Popo wà nínú rẹ̀. Ní ìhà Togo, Aklakou àti Agbanakin nítòsí ẹnu òkun náà mọ̀ ọ́n lára.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ọ̀pá aláwọ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Croix-Rouge ti Togo, ìyẹn Red Cross, bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọ̀pá mọ́ bèbè odò nínú àwọn abúlé, wọ́n sì kùn ún. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, àárín jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, òkè jẹ́ pupa. Tí omi bá wà nínú àwọ̀ ewé, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá kan ìyeyè, ẹ di ẹrù, ẹ kó ìwé àti oúnjẹ sókè, ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ àti ewúrẹ́ wà. Tó bá kan pupa, ẹ kúrò. Kò gba ìwé kíkà. Kò gba Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè kà á.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kọjá ọ̀dà o. Ọ̀pá tó wà ní abúlé rẹ ń sọ ohun tó ti dé fún ọ. Ọ̀pá tó wà ní abúlé tó wà lókè rẹ ló ń sọ ohun tó ń bọ̀. Omi kì í dé lẹ́sẹ̀ kan náà, ó ń rìn ni, fóònù sì yára jù ú lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yan àwọn ọ̀dọ́ olùyọ̀ǹda láti máa wo ọ̀pá, kí ẹni tó wà lókè máa pe ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tí ìpè bá dé, ẹni tó gbà á á fun fèrè, á lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí kó jẹ́ kí wọ́n lu ìlù. Agogo akéde ayé àtijọ́ náà ló padà wálé, ó kàn gba ọ̀dọ̀ fóònù wá ni.

Níbo wá ni kí pupa ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú fo ìbéèrè yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Tí ẹ bá kùn ún sísàlẹ̀ jù, ọ̀pá á pe pupa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, èèyàn á fi oko sílẹ̀, á ru ọmọ, á sùn sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ méjì, á padà wálé á rí i pé omi kò wọ ilé, olè ló wọ ọ́. Ní ìgbà kẹrin, kò ní dìde mọ́. Tí ẹ bá kùn ún sókè jù, ìgbà tó bá fi kan pupa, ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà sá ti wà lábẹ́ omi. Ó wá tún yàtọ̀ láti abúlé kan sí èkejì, nítorí bèbè ibì kan ga, ti ibòmíràn kò ga. Ẹ kò lè jókòó sí Lomé kí ẹ fi rúlà kan náà fa ìlà fún gbogbo wọn.

Ohun tí ìkìlọ̀ asán máa ń fà, Amẹ́ríkà ti san owó rẹ̀ ní Johnstown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Dáàmù South Fork wà lókè ìlú náà. Ọdọọdún tí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, wọ́n á ní dáàmù fẹ́ já, kò sì ní já. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, wọ́n tún fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ láti òkè pé ewu wà. Ìkìlọ̀ náà dé ìlú. Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ kò kà á sí, wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Dáàmù já lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì pa èèyàn 2,209. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sùn. Ohun tó kùnà ni ìgbàgbọ́ tí wọ́n ti ná tán sórí àwọn ìkìlọ̀ ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí, nítorí wọ́n pọ̀ lójú ìwé yìí, iṣẹ́ wọn àti iṣẹ́ ọ̀pá náà sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó ń bójú tó dátà ilé ìfowópamọ́ tàbí ti iléeṣẹ́ fóònù máa ń lo irinṣẹ́ bíi Grafana. Ní òpin ọdún 2016, nígbà tí Grafana 4.0 jáde, ni irinṣẹ́ náà tó lè pe èèyàn fúnra rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, àwòrán ló ń yà, ẹ ní láti jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìkìlọ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó sọ nọ́ńbà tí ó máa máa wò. Ẹ ó fa ojú ìlà fún un, bíi kí ó ju 90 lọ. Ẹ ó sọ iye ìṣẹ́jú tí nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ fi wà lókè ìlà kó tó pe yín, bóyá márùn-ún, kó má bàa jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá kàn fò sókè tó tún balẹ̀ ni fóònù á máa dún lóru. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó sọ ẹni tó máa pè.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń parí rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì kábàámọ̀. Tí omi bá wà ní 90 gan-an, tó ń lọ sí 91, tó ń padà sí 89, ìkìlọ̀ á máa dún, á máa pa, á máa dún. Ẹni tó gbọ́n á fa ìlà méjì: kó pariwo ní 90, kó má sì sọ pé ewu ti kọjá títí tó fi sọ̀kalẹ̀ dé 80. Ohun kejì ni pé kí wọ́n wo bí ó ṣe ń yára gùn, kì í ṣe ibi tó dé nìkan. Adágún tó wà ní mítà 143 tó ń sọ̀kalẹ̀ kò jọ èyí tó wà ní mítà 143 tó gùn ún láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀pá kò lè sọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó ń wo ọ̀pá lè sọ ọ́.

Ibi tí FUNES ti wọlé nìyẹn. Croix-Rouge ti Togo, ti Jámánì àti Ilé Iṣẹ́ Ojú Ọjọ́ ti Red Cross ni wọ́n jọ ṣe é, owó sì wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba Jámánì. FUNES kì í wo ibi tí omi wà lónìí nìkan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù Nangbéto á kó iye òjò tó rọ̀ lókè àti gíga adágún sínú rẹ̀, òun á wá ṣírò iye omi tó ṣeé ṣe kí dáàmù tú jáde ní ọjọ́ tó ń bọ̀. Tó bá ṣì í, á fi àṣìṣe náà kọ́ ara rẹ̀, kí ti ọjọ́ kejì lè sàn jù. Ìmọ̀ tó ti wọ inú ọ́fíìsì lọ́dún 1987 wá rí ilẹ̀kùn kan jáde.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ìṣirò yẹn kọ́ ni ohun tuntun jù níbẹ̀. Ohun tuntun ni ohun tí wọ́n so mọ́ ojú ìlà. Láyé àtijọ́, omi á kọ́kọ́ gbé ilé lọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tọrọ owó lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè olówó, owó á sì dé nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Nínú ètò tuntun yìí, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé tí FUNES bá sọ pé ewu ti kọjá ìlà kan, owó ti jáde nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń ṣèpàdé. Àwọn ohun èlò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ugáńdà ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ní ọdún 2015. Togo tẹ̀lé e ní 2016, nígbà tí ojú ìlà kọjá tí wọ́n sì gbé ẹrù lọ sí àwọn abúlé etí Mono kí wọ́n tó mọ̀ bóyá omi máa wọlé lóòótọ́.

Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ mọ̀ dájú pé nígbà mìíràn, wọ́n á náwó, omi kò sì ní wá. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé ara owó iṣẹ́ ni. Mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìjọba tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́ mélòó lẹ mọ̀ tó lè sọ ṣáájú pé, "tí mo bá ṣì í, mo ti gbà pé màá ṣì í"? Ìbẹ̀rù ẹ̀sùn ìkìlọ̀ asán ló máa ń mú kí ẹni tó rí ewu dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún wọn náà. Nígbà tí omi kò bá wá, Croix-Rouge ti ní àpò tí wọ́n máa fi gba àdánù. Ta ló ní àpò fún obìnrin tó fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi gbígbóná, tó pàdánù ọjọ́ ọjà méjì, tí wọ́n sì jí adìẹ rẹ̀? Ìṣirò ojú ìlà tí kò ka adìẹ yẹn kún, ìdajì ìṣirò ni.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún wà níbẹ̀, èyí tó kan gbogbo wa lójú ìwé yìí. Ní ìsàlẹ̀, Mono fúnra rẹ̀ ni ààlà Togo àti Benin. Omi kan náà, bèbè méjì, ìjọba méjì, ọ̀gá méjì lórí fóònù. Ní ọdún 2014 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tó dá Autorité du Bassin du Mono sílẹ̀ láti jọ bójú tó odò náà. Ìyẹn jẹ́ ọdún 27 lẹ́yìn tí dáàmù ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ pín iná láti ọdún àkọ́kọ́, ó wá pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jọ jókòó sọ̀rọ̀ omi.

Kí àwọn ará wa ní Nàìjíríà má rò pé ọ̀rọ̀ Togo ni mo ń sọ. Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omi pa èèyàn tó lé ní igba. Kò sí ọ̀pá kankan níbẹ̀ tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí dáàmù Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983. Tí wọ́n bá tú omi níbẹ̀, ìhà Ìṣẹ́rí àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú ló ń lọ. Ìkìlọ̀ máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò pé kí wọ́n kó kúrò. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kàn sọ pé "ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ kó kúrò" kò tíì ní àwọ̀. Ṣé ìyeyè ni, àbí pupa? Ṣé kí a di ẹrù, àbí kí a sá? Ibo ni kí a sá sí? Ẹni tó ń san owó ilé níbẹ̀ kò lè kó lọ kó bọ̀ lórí gbólóhùn kan láti oṣù keje títí di oṣù kọkànlá.

Lónìí, àwọn ẹ̀rọ tó ń wo odò ti pọ̀. Ti àwọn ará Yúróòpù kan wà tí wọ́n ń pè ní GloFAS, tó ń wo odò gbogbo ayé, Mono náà wà nínú rẹ̀. Ojú ìlà tirẹ̀ kì í ṣe mítà. Ó ń béèrè pé: ṣé omi tó ń bọ̀ yìí jẹ́ irú èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, lọ́dún márùn-ún, àbí lógún ọdún? Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé ó wúlò fún odò tí kò sẹ́ni tó ri igi ìwọ̀n sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún àgbẹ̀ kan pé omi ogún ọdún ń bọ̀, á bi yín pé ogún ọdún sí ìgbà wo. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ wà láàárín tó máa yí i padà sí àwọ̀ mẹ́ta.

Ẹni náà ni mo fẹ́ kí a máa rántí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀: olùyọ̀ǹda tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà òjò, pẹ̀lú fóònù tí owó ìpè inú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nígbà mìíràn. Tí bátìrì rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ náà, kò sí FUNES, kò sí GloFAS.

Ìtàn náà kò tíì parí, nítorí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dáàmù kejì lórí Mono láti ọjọ́ pípẹ́. Adjarala ni wọ́n pe ibẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ Nangbéto, láàárín òun àti Athiémé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ, ọ́fíìsì méjì ló máa máa ṣí ilẹ̀kùn sórí omi kan náà, gbogbo ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ Adjarala títí dé Grand-Popo ni wọ́n sì máa ní láti wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tún un kùn.